Ìpínrọ̀ Kan, Ọ̀rọ̀ Kan: Ẹ̀kọ́ Lórí Kíkọ Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Ó Yé Ni

Wọ́n ní kí n mú ẹ̀kọ́ kan wá sínú ìwé ìrántí yìí láti inú iṣẹ́ tí mo ń ṣe, ìyẹn kíkọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ ìpínrọ̀ ni mo yàn, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti òbí kan.

Alàgbà ìjọ ni bàbá náà. Ó mú ìwé àròkọ ọmọbìnrin rẹ̀ dání wọ inú yàrá àwọn olùkọ́, ojú rẹ̀ kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà, ọmọ yìí mọ̀wé. Bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè, yóò dáhùn. Mo wo sípẹ́lì rẹ̀, n kò rí àṣìṣe kan. Kí ló dé tí máàkì rẹ̀ fi kéré báyìí?” Mo fún un ní àga. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi ka ìpínrọ̀ kejì sókè. Nígbà tí ó kà á tán, mo ní, “Alàgbà, ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni ìpínrọ̀ yìí ń sọ?” Ó ní, “Ọ̀rọ̀ ibà ni.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni sà. Kí ni ó wá sọ nípa ibà?” Ó wo ìwé náà, ó tún un kà, ó dákẹ́. Nígbà tí ó ṣe, ó ní, “Ó sọ nǹkan púpọ̀.”

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ẹ jẹ́ kí n yí ìpínrọ̀ náà sí Yorùbá kí gbogbo wa lè jọ wò ó:

“Ibà jẹ́ àìsàn tí ó wọ́pọ̀ ní Áfíríkà. Ẹ̀fọn ni ó ń fà á. Àwọn ènìyàn máa ń da ìdọ̀tí sínú gọ́tà, ìjọba kò sì rí nǹkan ṣe sí i. Ìyá mi àgbà máa ń fún wa ní àgbo. Ó dára kí a máa sùn sínú àwọ̀n ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n ooru máa ń mú ni níbẹ̀. Ìmọ́tótó ṣe pàtàkì, nítorí náà kí gbogbo wa máa tọ́jú àyíká wa.”

Kò sí gbólóhùn kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí a lè pè ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a lè dá dúró kí a sì sọ̀rọ̀ lé lórí. Ṣùgbọ́n wọ́n dà bí èrò mẹ́fà tí wọ́n wọ ọkọ̀ kan náà, tí oníkálukú sì ń lọ sí ìlú tirẹ̀. Awakọ̀ kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà. Ọmọ náà ní ìmọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kà á. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ẹ̀kọ́ yìí: ọ̀pọ̀ ọmọ ni a ń pè ní olódo tí kì í ṣe olódo; a kò kọ́ wọn bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ ni.

Kí ni ìpínrọ̀?

Ìpínrọ̀ ni àkójọ gbólóhùn tí gbogbo wọn dúró ti kókó kan ṣoṣo. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, “paragraph”, ti inú èdè Gíríkì wá. Ìlà kékeré kan ni àwọn akọ̀wé àtijọ́ máa ń fà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé láti fi han òǹkàwé pé ibi báyìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tí ó bá ní Bíbélì King James tí a tẹ̀ ní ìlànà àtijọ́ nílé lè ti rí irú àmì bẹ́ẹ̀ rí: ó dà bí lẹ́tà P tí ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà tí a ń kàwé sí. Ó wà nínú ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ti ọdún 1611, ó sì ń bá a lọ títí dé orí 20 ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, níbi tí ó ti dáwọ́ dúró. Iṣẹ́ tí ìlà àwọn Gíríkì ń ṣe ni àmì yìí náà ń ṣe: ó ń sọ fún òǹkàwé pé kí ó mí díẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ń bọ̀.

Nítorí òǹkàwé, nígbà náà, ni a ṣe ń pín ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò mọ èyí. Bí wọ́n bá ti kọ ìlà méje tàbí mẹ́jọ, tí ọwọ́ sì ń ro wọ́n, wọ́n á bọ́ sí ìlà tuntun, wọ́n á sì rò pé ìpínrọ̀ ti parí. Òmíràn kò tilẹ̀ ní pín in rárá. Ojú ìwé méjì gbáko yóò dà bí igbó tí kò ní ọ̀nà.

Òfin tí a fi ń kọ́ wọn lónìí kò ti ọ̀run wá. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kó o jọ létòlétò ni Alexander Bain, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Aberdeen. Nínú ìwé tí ó ṣe lórí ìkọ̀wé ní ọdún 1866, ó kọ́ni pé kí gbólóhùn ìbẹ̀rẹ̀ fi ohun tí ìpínrọ̀ dá lé hàn, kí àwọn yòókù má ṣe ya kúrò lórí rẹ̀, kí ìsopọ̀ tí ó wà láàárín wọn sì hàn gbangba. Àṣà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Ohun tí a bá sì mọ̀ pé àṣà ni, a lè kọ́ ọ.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àti odindi ọ̀rọ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìlóye ni ó ń yọ àwọn ọmọ wa lẹ́nu. Inú ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà ni wọ́n ti wá, nínú ọ̀rọ̀ àgbà, a kì í já lu kókó. A ó kọ́kọ́ kí ara wa, a ó pa òwe, a ó sọ ìtàn ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí, a ó sì fi kókó ọ̀rọ̀ pamọ́ di ìgbẹ̀yìn, nítorí pé ẹni tí ó jókòó tì wá ń wo ojú wa. Àwọn baba wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Wọ́n tún ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ni ó ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ni ó ń mọ̀ ọ́n. Ọgbọ́n ńlá ni. Níbi tí a ti ń parí ìjà tọkọtaya, tàbí níbi tí a ti ń tọrọ ìyàwó, ẹni tí ó bá já lu kókó ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀mọ̀wé kò jókòó tì wá. Kò rí ojú wa, kò mọ ilé wa, kò sì lè bi wá pé, “Kí ni o ní lọ́kàn?” Ó lè jẹ́ olùmáàkì tí òkìtì àròkọ wà níwájú rẹ̀ tí ilẹ̀ sì ń ṣú lọ. Ó lè jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú òkèèrè tí kò gbọ́ òwe wa rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, odindi ọ̀rọ̀ ni a gbọ́dọ̀ gbé fún un, láti orí wá sí ìdí. Àṣà méjì ni, ọ̀kan kò burú ju èkejì lọ. Ọmọ tí ó bá mọ ìgbà tí a ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó gbọ́n. Mo máa ń wí fún wọn ní kíláàsì pé, “Ẹ tọ́jú àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún bàbá yín àgbà, odindi ni kí ẹ kọ fún èmi.”

Gbólóhùn ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ìlérí

Ohun àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín orúkọ ọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. “Ibà jẹ́ àìsàn tí ó wọ́pọ̀ ní Áfíríkà” jẹ́ orúkọ ọ̀rọ̀. Ó fi han òǹkàwé pé ibà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí a fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò retí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo nǹkan ni ó lè tẹ̀ lé e, ìdí nìyí tí gbogbo nǹkan fi tẹ̀ lé e nínú ìwé ọmọ náà.

Gbólóhùn ìbẹ̀rẹ̀ tí ó dára dà bí ìlérí tí a ṣe fún ènìyàn. Bí mo bá wí pé, “Gbígbá gọ́tà nìkan kò lè mú ibà kúrò ní ìlú wa,” òǹkàwé yóò béèrè lójú ẹsẹ̀ pé, “Èéṣe?” Mo ti jẹ ẹ́ ní gbèsè ìdáhùn, gbogbo gbólóhùn tí ó kù nínú ìpínrọ̀ náà ni èmi yóò sì fi san gbèsè náà. Èyí ni òṣùwọ̀n tí mo fún àwọn ọmọ: ẹ ka gbólóhùn ìbẹ̀rẹ̀ yín fún ẹnìkan, kí ẹ sì dákẹ́. Bí onítọ̀hún bá lè béèrè pé “Èéṣe?” tàbí “Báwo ni o ṣe mọ̀?”, ẹ ti ní ìpínrọ̀. Bí ó bá ní “Ẹ̀n-ẹ́n” lásán, tí ó sì ń dúró, ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé kì í ṣe gbogbo òǹkọ̀wé ńlá ní ń fi kókó ṣáájú. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó ti mọ ìlù í lù lè fi ọ̀pá yí i padà bí ó ti wù ú. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kọ́kọ́ mọ ìlù náà ná.

Ara ìpínrọ̀: sísan ìlérí náà

Mo dá ìwé náà padà fún ọmọbìnrin náà, mo ní kí ó yan ọ̀kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ó sì fi èyí tí ó kù sílẹ̀ fún ìpínrọ̀ mìíràn tàbí ọjọ́ mìíràn. Gọ́tà ni ó yàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn tí a ti jọ tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ohun tí ó kọ nìyí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì:

“Clearing the gutters will not, by itself, rid our town of malaria. Anopheles, the mosquito that carries the disease, prefers to lay its eggs in fairly clean, still water that lies open to the sun. Such water is found after rain in wheel ruts, in footprints and in the pits from which builders have dug sand. The foul water of the gutter, by contrast, breeds mainly Culex, whose bite is a nuisance but does not give us malaria. A sanitation day that stops at the gutter therefore leaves the chief source of the disease untouched.”

Gbólóhùn márùn-ún péré ni, kò sì pé ọ̀rọ̀ 100. Ẹ wo iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Àkọ́kọ́ ṣe ìlérí: gbígbá gọ́tà nìkan kò tó. Èkejì ṣe àlàyé: irú ẹ̀fọn tí ó ń gbé ibà ka ènìyàn, Anopheles, fẹ́ràn omi tí ó mọ́ díẹ̀, tí kò ṣàn, tí oòrùn sì ń ta sí. Ẹ̀kẹta mú àpẹẹrẹ wá láti ibi tí ojú gbogbo wa tó: ipa táyà ọkọ̀, ipa ẹsẹ̀, kòtò tí àwọn kọ́lékọ́lé ti wa yanrìn. Ẹ̀kẹrin dáhùn ohun tí alátakò lè sọ: òótọ́ ni pé ẹ̀fọn wà nínú gọ́tà, ṣùgbọ́n irú mìíràn, Culex, ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ó ń jẹ ni, ṣùgbọ́n kì í fún ni ní ibà. Ẹ̀karùn-ún padà sí ìlérí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì sọ ohun tí ó já sí fún ìlú.

Ìlérí, àlàyé, àpẹẹrẹ, ìdáhùn fún alátakò, àbájáde: bí ọmọ bá mọ òpó márùn-ún wọ̀nyí, ó lè fi wọ́n kọ́ ilé lórí ilẹ̀ èyíkéyìí. Kò pọn dandan kí gbogbo wọn wà nínú gbogbo ìpínrọ̀. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ tí ó ní ìlérí láìní ẹ̀rí, ariwo ni. Èyí tí ó sì ní ẹ̀rí láìní ìlérí, ẹrù tí kò ní olówó ni.

Ìpínrọ̀ tí ó mọ́ a máa tú àṣìṣe fó

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun kan nínú ìtàn yìí. Nígbà tí ọmọ náà kọ́kọ́ yan ọ̀rọ̀ gọ́tà, òdì-kejì ohun tí ó kọ gbẹ̀yìn ni ó fẹ́ kọ. Ìlérí rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé gọ́tà tí ó dọ̀tí ni orísun ibà. Ohun tí púpọ̀ nínú wa gbàgbọ́ náà nìyẹn. Bí ó ti gbé ìlérí náà sí iwájú, mo béèrè pé, “Báwo ni o ṣe mọ̀?” Kò rí ìdáhùn. Mo rán an lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ tí ó ń kọ́ wọn ní bàọ́lọ́jì. Ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀fọn kan àti èkejì.

Àṣìṣe rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Orúkọ àìsàn náà gan-an, “malaria”, láti inú èdè Ítálì ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ burúkú, nítorí pé àwọn ará àtijọ́ gbà pé òórùn ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí ni ó ń fà á. Ọdún 1897 ni Ronald Ross, dókítà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Títí di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni ó ń dá òórùn lẹ́bi.

Nínú ìpínrọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, níbi tí ọ̀rọ̀ mẹ́fà ti dì mọ́ra, àṣìṣe náà rí ibi fara pamọ́ sí. Kò sí ẹni tí ó lè mú un, èmi olùkọ́ pàápàá kò tètè rí i. Nígbà tí ó dá dúró ní iwájú ìpínrọ̀, a rí i kedere. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ ìpínrọ̀ ju ọ̀rọ̀ máàkì lọ. Ẹni tí ó bá kọ̀wé kí ó yé ni, ó ti gbà kí a yẹ òun wò. Ẹni tí ó bá kọ̀wé tí kò ní orí tí kò ní ìdí, bí ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, ó ń sá fún ìbéèrè. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ lórí ìgbàgbọ́ nínú Kristi, ó yẹ kí a kọ́ ọmọ láti dúró sínú ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀.

Okùn tí ó so gbólóhùn pọ̀

Ẹ tún padà wo ìpínrọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́ta ni ó di í mú. “Such” nawọ́ sẹ́yìn mú omi tí a ti dárúkọ. “By contrast” kìlọ̀ fún òǹkàwé pé a fẹ́ yí sí òdì-kejì. “Therefore” sọ fún un pé ohun tí ó ń bọ̀ jẹ́ àbájáde ohun tí ó ti kọjá. Bí a bá yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, gbólóhùn márùn-ún yóò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn yóò dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé àwọn ọmọ máa ń fi irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe ọ̀ṣọ́. Wọ́n á kọ “moreover” síbi tí kò sí ohun tí a fẹ́ fi kún ohun kan. Wọ́n á kọ “therefore” síbi tí kò sí àbájáde. Okùn kì í so ohun tí kò bára mu pọ̀. Kí ọmọ tó lo ọ̀kan, kí ó bi ara rẹ̀ pé: ṣé mo ń fi kún un ni, àbí mo ń tako ó, àbí mo ń sọ ohun tí ó já sí? Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò yan ọ̀rọ̀ náà fún un.

Láti ìdánwò WAEC dé yunifásítì

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àjọ WAEC ti ń pín máàkì 50 tí ó wà fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀nà mẹ́rin: 10 fún kókó inú rẹ̀, 10 fún ètò rẹ̀, 20 fún bí a ṣe lo èdè, àti 10 fún àìṣàṣìṣe nínú sípẹ́lì, gírámà àti àmì. Alàgbà tí mo sọ ìtàn rẹ̀ wo sípẹ́lì, sípẹ́lì sì dára. Ṣùgbọ́n ètò ní máàkì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ètò tí kò dára a sì máa ba kókó jẹ́, nítorí olùmáàkì kò lè fún ọmọ ní máàkì lórí kókó tí kò rí. Nǹkan bí ọ̀rọ̀ 450 ni wọ́n ń béèrè. Bí ọmọ bá pín in sí ìpínrọ̀ 5, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní nǹkan bí ọ̀rọ̀ 90, ìyẹn ni pé yóò ṣe déédéé pẹ̀lú èyí tí mo fi hàn yín. Kí ọmọ kọ ìlérí máràrùn-ún sílẹ̀ ní ìlà márùn-ún kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbà, kò sì ní pàdánù wọn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ ti lọ sí yunifásítì, ní ilé tàbí ní òkè òkun, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Yálà òfin ni ọmọ ń kọ́ tàbí ìmọ̀ ìṣègùn, ìpínrọ̀ ni yóò fi sọ ohun tí ó mọ̀. Ibẹ̀ náà ni ìdánwò mìíràn ti ń dé: kí a gbé ìpínrọ̀ ẹlòmíràn, tí ó ti dán tí ó ti yọ̀, kí a fi orúkọ wa sí i. Olè ni, kò ní orúkọ mìíràn. Ọ̀nà tí a fi ń yẹra fún un sì wà nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ìlérí gbọ́dọ̀ jẹ́ tìrẹ. Ẹ̀rí lè jẹ́ ti ẹlòmíràn, bí o bá dárúkọ ẹni tí o ti gbà á. Ọmọ tí ó bá ní ìlérí tirẹ̀ ní orí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan kò ní jí ìwé ẹnikẹ́ni, nítorí pé ó ti ní ohun tí ó fẹ́ sọ.

Ohun tí òbí lè ṣe nílé

Àwọn òbí kan yóò wí pé, “Tíṣà, àwa kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀.” Kò ṣe nǹkan kan. Ìyá tí ó ń tajà lọ́jà, tí kò ka ju ìwé mẹ́fà lọ, lè ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ju bí ó ti rò lọ. Nígbà tí ọmọ bá ń kọ iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ pè é, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, ní Yorùbá.

Èkíní: kí ni ìpínrọ̀ yìí ń sọ? Kí ó fi gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo dáhùn. Bí kò bá lè sọ ọ́ ní èdè ìyá rẹ̀, kò lè sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, bí Gẹ̀ẹ́sì náà tilẹ̀ ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Èkejì: báwo ni o ṣe mọ̀? Kí ó fi ìka sí ibi tí ẹ̀rí wà. Ẹ̀kẹta: èwo nínú gbólóhùn wọ̀nyí ni a lè yọ kúrò tí kò ní dun ìpínrọ̀ náà? Bí ó bá rí ọ̀kan, kí ó yọ ọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, bí ẹ bá padà wá kí wa, ẹ bá wa jókòó ti ọmọ méjì tàbí mẹ́ta fún wákàtí kan, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè wọ̀nyí. A mọ rírì ẹ̀bùn àga àti tábìlì, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jókòó lórí àga náà gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ kan títí dé òpin ṣọ̀wọ́n fún wa ju àga lọ.

Ìdánrawò fún tọmọdé tàgbà

Ẹ to gbólóhùn márùn-ún wọ̀nyí di ìpínrọ̀. Ẹ wá ìlérí rẹ̀, kí ẹ sì lé àlejò kan tí kò ní ibi ìjókòó níbẹ̀ jáde.

(a) Nígbà tí ó yá, a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un.
(b) Odò Ògùn ni ó ṣàn gba ìlú Abẹ́òkúta kọjá.
(d) Nítorí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ni a ṣe dá ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ sílẹ̀.
(e) Òjíṣẹ́ Ọlọ́run Henry Townsend, ti ìjọ CMS, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, kí àwọn Ẹ̀gbá lè máa wá ìmọ̀ nípa ìwé kíkà.
(ẹ) Èdè Yorùbá ni a sì fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe èdè àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́.

Ní ìkádìí, alàgbà yẹn tún padà wá ní òpin sáà. Kò mú ìwé dání. Ó ní òun ti ń béèrè ìbéèrè mi lọ́wọ́ ọmọ náà ní alaalẹ́, ọmọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi òun náà. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí òun wàásù fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, bí wọ́n ti délé ni ó wí pé, “Dádì, ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni ìwàásù yẹn ń sọ?” Alàgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, mo sọ nǹkan púpọ̀.”

Nínú ìwé Hábákúkù orí 2, Olúwa pàṣẹ fún wòlíì rẹ̀ láti kọ ìran tí ó rí lọ́nà tí kò ní ṣú ẹni tí ń kà á lójú. Bí iṣẹ́ wòlíì bá gba kí a kọ ọ́ kí ó yé ni, mélòó-mélòó ni àròkọ ọmọ ilé-ìwé. Kí Olúwa fún àwọn ọmọ wa ní ohun tí ó yẹ ní sísọ, kí ó sì kọ́ ọwọ́ wọn láti sọ ọ́ kí ayé gbọ́.